Win32 nílé oògùn Alhaja: bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fa wíńdò

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: Win32 ṣì wúlò. Àwọn fọ́ńṣọ̀n tí Microsoft kó sínú Windows, tí àwa tí ń fi C tàbí C++ kọ ètò ń pè, ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ètò rẹ̀ kéré, kí ó tètè ṣí, kí ó sì rìn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tokunbo tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB lọ, kò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ó ti máa ń dán ènìyàn wò, ibẹ̀ nìkan sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń lo ètò bá di etí wíńdò mú tí ó sì fà á. Ọ̀rọ̀ rìsíìtì títẹ̀ àti dátábéèsì, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ilé oògùn kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ni mo kọ ètò náà fún. Lókè ni àpótí tí wọ́n ti ń wá orúkọ oògùn wà, àárín ni àtẹ ọjà tí oníbàárà fẹ́ rà, ìsàlẹ̀ ni àpapọ̀ owó àti bọ́tìnnì ìgbowó. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀: láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1366 sí 768, àti ti orí tábìlì tó ní irú mọ́nítọ̀ àtijọ́ yẹn tí kò fẹ̀, 1024 sí 768. Èmi ìbá ti jẹ́ kí ètò náà gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kí n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ fífà. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ni kò gbà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè kéré díẹ̀? Mo fẹ́ máa rí WhatsApp lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"WhatsApp kẹ̀? Lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ibẹ̀ làwọn kọ́sítọ́mà ń ya ìwé dókítà sí, mà. Alhaja ló ní ká máa gbà á bẹ́ẹ̀."

Tí Alhaja bá ti sọ̀rọ̀, ta ni èmi? Wíńdò mi wá di ohun tó gbọ́dọ̀ lè jókòó sí ìdajì ojú láptọ́ọ̀pù, ìyẹn 683 píkísẹ̀lì, láìjẹ́ pé àtẹ ọjà bo bọ́tìnnì ìgbowó mọ́lẹ̀.

Bí Win32 ṣe ń bá ni sọ̀rọ̀ nìyí. Wíńdò kọ̀ọ̀kan ní fọ́ńṣọ̀n kan tí a sábà máa ń pè ní WndProc, ẹni tó ń kọ ètò ló ń kọ ọ́. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wíńdò náà, Windows á fi mẹ́sééjì sọ ọ́ fún un. Tí ìwọ̀n rẹ̀ bá yí padà, WM_SIZE ló máa dé. Nọ́ńbà méjì ló bá a wá. wParam ń sọ irú ìyípadà tó jẹ́: ṣé wọ́n fà á lásán ni, ṣé wọ́n ní kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ni, àbí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ sí taskbar. lParam di ìbú àti gíga pọ̀ mọ́ inú nọ́ńbà kan ṣoṣo. LOWORD lẹ fi ń yọ ìbú, HIWORD lẹ fi ń yọ gíga. Ìwọ̀n inú wíńdò ni wọ́n fún yín, kì í ṣe ti ìta: etí rẹ̀ àti ibi tí orúkọ ètò wà lókè kò sí nínú ìṣirò náà. Èyí dùn mọ́ mi. Iye àyè tí mo ní láti to ẹrù mi sí gan-an ni wọ́n sọ fún mi, mi ò tún ní máa yọ kúrò, mi ò tún ní máa fi kún un.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń di nọ́ńbà méjì pọ̀ báyìí, láti ìgbà tí Windows ṣì jẹ́ 16-bit ni. Windows àkọ́kọ́ jáde ní November 1985, nígbà tí wíńdò àwọn ètò kò tíì lè gun orí ara wọn, tí wọ́n kàn ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti 1987, Windows 2.0, ló jẹ́ kí ọ̀kan lè bo èkejì. Títí di òní, LOWORD àti HIWORD yẹn náà la ṣì ń lò. Àwọn kan á ní ìwà àgbàlagbà ni. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Kóòdù tó ń dá WM_SIZE lóhùn nínú ètò mi kò pọ̀ rárá. Àpótí ìwákiri gba gbogbo ìbú, mo fún un ní píkísẹ̀lì 48 lókè. Ìsàlẹ̀ gba 96. Ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárín, àtẹ ọjà ló ni ín. MoveWindow ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Ọ̀pá ìsọfúnni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí wọ́n ń pè ní status bar, kò tilẹ̀ fẹ́ ìṣirò: ẹ kàn ju WM_SIZE sí i pẹ̀lú òdo àti òdo, ó mọ àyè tirẹ̀, á lọ jókòó síbẹ̀. Àtẹ ọjà náà ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Tí ẹ bá fún òpó tó kẹ́yìn ní LVSCW_AUTOSIZE_USEHEADER, á nà títí á fi kan etí, kò ní sí àyè funfun òfìfo lápá ọ̀tún. Tí mo bá máa fún apá yìí ní máàkì, mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún ni.

Ààbọ̀ tí mo yọ, tìtorí òdo ni. Tí wọ́n bá tẹ wíńdò wọlẹ̀ sí taskbar, WM_SIZE ṣì ń dé, wParam á jẹ́ SIZE_MINIMIZED, ìbú á sì jẹ́ òdo, gíga náà á jẹ́ òdo. Ètò tó bá ń fi gíga pín nǹkan láti mọ iye ìlà tó lè wọ ojú ewé kan ti bọ́ sínú kòtò nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lo Visual Basic 6 rí á mọ èyí dáadáa: Form_Resize máa ń sáré, ẹni tó kọ ọ́ á yọ 600 kúrò nínú gíga, ó di nọ́ńbà òdì, àṣìṣe 380 á sì yọjú. Ìlà kan péré ni ìwòsàn rẹ̀ nínú Win32: tí wParam bá jẹ́ SIZE_MINIMIZED, ẹ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má to nǹkankan. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìbejì o. Tí ẹ bá fẹ́ kí ètò rántí ìwọ̀n rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe lo GetWindowRect nígbà tó bá wà lábẹ́ taskbar, torí -32000 ló máa sọ fún yín pé wíńdò wà, ètò yín á sì ṣí síbi tí ojú ènìyàn kò lè tó lọ́jọ́ kejì. GetWindowPlacement ni kí ẹ bi léèrè. Ìyẹn mọ ìwọ̀n tí wíńdò ní kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀.

Kí ọmọ tó ń gbowó má baà fà á títí tí bọ́tìnnì á fi pòórá, WM_GETMINMAXINFO wà. Ẹ kọ ìwọ̀n tó kéré jù sínú ptMinTrackSize, Windows á kọ̀ láti jẹ́ kí ọwọ́ fà á kọjá ibẹ̀. Mo fi tèmi sí 640 sí 480, nítorí tó bá ju 683 lọ, kò ní lè wọ ìdajì láptọ́ọ̀pù náà, á yọ sórí WhatsApp. Nǹkan kan wà nípa mẹ́sééjì yìí tó yẹ kó wà lójú ewé àkọ́kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ Win32: ó máa ń dé kí WM_NCCREATE tó dé, ká má tilẹ̀ wá sọ WM_CREATE, àwọn mẹ́sééjì tó ń sọ pé wọ́n ń dá wíńdò sílẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn dátà tí ẹ fẹ́ so mọ́ wíńdò kò tíì sí níbẹ̀ nígbà tó kan ilẹ̀kùn. Kóòdù tó bá gbára lé wọn láìbèèrè bóyá wọ́n ti dé, ó máa wó kí wíńdò tó hàn rárá.

Ó yá, ká wá sí ibi tó le.

Ètò Win32 ní lúùpù kan tó ń yí: GetMessage á gba mẹ́sééjì tó kàn, DispatchMessage á gbé e fún WndProc, wọ́n á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi iṣẹ́ mìíràn há àárín lúùpù yìí, bíi kó yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò tàbí kó ya àwòrán tó ń rìn. Bí ọwọ́ bá ṣe di etí wíńdò mú báyìí, DefWindowProc, fọ́ńṣọ̀n Windows tó ń bójú tó mẹ́sééjì tí WndProc kò bá dáhùn, á wọ inú lúùpù tirẹ̀, kò sì ní jáde níbẹ̀ títí wọ́n á fi jáwọ́ lára máòsì. Lúùpù tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ á dúró. Mẹ́sééjì ṣì ń dé ọ̀dọ̀ WndProc, torí Windows fúnra rẹ̀ ló ń pín wọn lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí ẹ há sáàárín lúùpù yín ti dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá di etí wíńdò mú, tí kò fà á, tó kàn ń bá kọ́sítọ́mà tàkúrọ̀sọ, gbogbo àkókò yẹn ni iṣẹ́ fi dúró. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ báyìí, inú Windows fúnra rẹ̀ ni, kò sí bọ́tìnnì kankan tí ẹ lè fi pa á.

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì ṣòro. Kọ̀ǹpútà méjèèjì ilé oògùn yẹn ń bára wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè mọ iye oògùn tó kù lórí àtẹ. SetTimer ni mo fi gbé ìbéèrè náà, mi ò fi sínú lúùpù, torí WM_TIMER ṣì ń dé nígbà tí Windows bá gba ìdarí. Iṣẹ́ tó bá wúwo ju ìyẹn lọ, ẹ fún un ní tírẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ìyẹn ọ̀nà iṣẹ́ mìíràn tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lúùpù. Síbẹ̀, ó yẹ kí ohun èlò kan tí gbogbo ayé ń lò sọ irú èyí létí ẹni kí ó tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú àlàyé o, ẹni tó bá kà á dé ìdí á rí i. Ta ló ń kà á dé ìdí?

Ìdẹkùn mìíràn tún wà. Bí fífà bá bẹ̀rẹ̀, WM_ENTERSIZEMOVE ń dé. Tí wọ́n bá jáwọ́, WM_EXITSIZEMOVE á tẹ̀lé e. Ojú ewé ìparí oṣù nínú ètò náà ní àwòrán ọ̀pá tó ń fi owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn, kò sì ní láárí kí n máa tún un yà ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá sún píkísẹ̀lì kan. Mo jẹ́ kó dúró de WM_EXITSIZEMOVE. Àmọ́ ẹni tó bá tẹ kọ́kọ́rọ́ Windows pọ̀ mọ́ ọfà apá òsì kí wíńdò lè fò sí ìdajì ojú kọ̀ǹpútà, tàbí tó tẹ bọ́tìnnì tó ń sọ ọ́ di ńlá, kò fi ọwọ́ fa etí wíńdò rárá, nítorí náà àwọn mẹ́sééjì méjèèjì yìí kò ní yọjú. WM_SIZE nìkan ló máa wá. Kóòdù tó bá fi gbogbo iṣẹ́ sínú WM_EXITSIZEMOVE á jẹ́ kí àwòrán wà bó ṣe wà, nígbà tí wíńdò ti di ìdajì. Bí mo ṣe tò ó nìyí: àmì kan ń sọ fún mi bóyá fífà ń lọ lọ́wọ́, tó bá ń lọ, WM_SIZE kàn ń to bọ́tìnnì àti àtẹ, tí kò bá sí, ó ń ya àwòrán náà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń gbowó yẹn, kọ́kọ́rọ́ àti ọfà ló máa ń lò. Kì í fa nǹkankan.

Máàkì fún apá yìí? Méjì. Mi ò lè fún un ní mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kí ojú wíńdò máa ṣẹ́jú wà níbẹ̀ náà. Tí ẹ bá kọ ètò yín bí àwọn àpẹẹrẹ tó wà káàkiri ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú CS_HREDRAW àti CS_VREDRAW, gbogbo inú wíńdò ni Windows á máa nù tí á sì máa tún kùn nígbàkígbà tí ìwọ̀n bá yí, àtẹ ọjà á wá máa ṣẹ́jú bí iná NEPA tó ń ronú àtilọ. Ẹ yọ àwọn àmì méjèèjì yẹn kúrò tí ẹ ò bá nílò wọn. Ẹ fi WS_CLIPCHILDREN sí wíńdò ńlá kó má baà máa kun orí àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì àti àtẹ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi LVS_EX_DOUBLEBUFFER sí àtẹ ọjà. Tí àwọn ọmọ bá pọ̀, dípò kí ẹ máa pe MoveWindow lọ́kọ̀ọ̀kan, BeginDeferWindowPos, DeferWindowPos àti EndDeferWindowPos á jẹ́ kí gbogbo wọn ṣí nídìí papọ̀. Lẹ́yìn èyí, àtẹ náà dúró jẹ́ẹ́, kódà lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti darúgbó yẹn.

Ohun kan wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà, bóyá nítorí pé èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ bọ́tìnnì wọn. Alhaja ní Yorùbá lòun fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. "Àpapọ̀ owó" gùn ju "Total" lọ, ó sì ní àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀. Àpótí ọ̀rọ̀ tí gíga rẹ̀ bá ń yí pẹ̀lú wíńdò, tí ẹ wọn ún fún lẹ́tà lásán, á gé àmì ìsàlẹ̀ "ọ̀" dànù nígbà tí wíńdò bá kéré. GetTextExtentPoint32W ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú fọ́ńtì tí a ń lò, ìwọ̀n yẹn ni mo sì fi ṣe ohun tó kéré jù tí àpótí lè gbà. Ẹ rántí pé àwọn fọ́ńṣọ̀n tí W wà lẹ́yìn orúkọ wọn ni kí ẹ lò, bíi CreateWindowExW. Tí ẹ bá lo ti A, púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì lè di àmì ìbéèrè.

Láptọ́ọ̀pù tuntun dé lẹ́yìn náà, èyí tí Windows ti fi ìdá márùndínláàdóje nínú ọgọ́rùn-ún, 125%, ṣe ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ kí ojú má baà máa ro ènìyàn. Ètò tí kò bá sọ pé òun mọ̀ nípa DPI, ìyẹn iye píkísẹ̀lì tí Windows kà sí ínṣì kan, Windows á na àwòrán rẹ̀, lẹ́tà á sì máa ṣú. Ẹ kọ PerMonitorV2 sínú manifest, àkọsílẹ̀ kékeré tí ètò fi ń sọ irú ẹni tó jẹ́ fún Windows; ó ti wà láti Windows 10 ti 2017 tí wọ́n ń pè ní 1703. Láti Windows 8.1 sì ni WM_DPICHANGED ti wà: tí wọ́n bá gbé wíńdò lọ sórí mọ́nítọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀, mẹ́sééjì náà á gbé àyè àti ìwọ̀n tí Windows dábàá wá nínú lParam. Ẹ fi SetWindowPos gbà á, WM_SIZE á sì tẹ̀lé e fúnra rẹ̀. Ó wù mí bẹ́ẹ̀, nítorí ibì kan ṣoṣo ni ìtò mi wà. Yálà ọwọ́ ló fà á, yálà kọ́kọ́rọ́ ló sún un, yálà mọ́nítọ̀ ló yí padà, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń gbà. Àmọ́ 48 àti 96 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ fi DPI sọ wọ́n di púpọ̀, kí ẹ sì fi 96 tó jẹ́ DPI àtilẹ̀wá (kì í ṣe 96 ti ìsàlẹ̀) pín in.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo Tkinter, ohun èlò wíńdò tó ń bá èdè Python wá. Mo gbé e wò dáadáa. Tí ẹ bá fún òpó àti ìlà ní weight nínú grid, ẹ ò ní láti kọ ohun kankan nípa fífà mọ́, ó ń tò ó fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìyípadà náà, <Configure> lẹ máa so mọ́ wíńdò, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tí ẹ bá so ó mọ́ wíńdò ńlá, á máa dún fún gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú, á tún máa dún nígbà tí wọ́n bá kàn gbé wíńdò kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ẹ yẹ event.widget wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ohun tó jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ni pé Python gbọ́dọ̀ bá a wọlé, ẹrù náà sì pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà 2GB tó ń lo Windows àti Chrome pọ̀. Qt, ohun èlò wíńdò fún C++ tí àwọn ará Norway gbé jáde ní 1995, ló dára jù nínú gbogbo wọn tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ fífà la ń sọ. QVBoxLayout àti QGridLayout ń ṣe iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, resizeEvent sì ń fún yín ní ìwọ̀n tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ papọ̀, èyí tí WM_SIZE kì í ṣe. Àmọ́ àwọn fáìlì DLL tó ń bá a rìn kò kéré, fáìlì EXE tèmi kò sì tó megabaiti kan. Orí fláàṣì ni mo fi gbé e dé ilé oògùn.

Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni. Visual Studio Community kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n dátà tó máa jẹ kí ó tó sọ̀kalẹ̀ tán, ẹ wá a lálẹ́. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó, MinGW-w64, tó ń sọ kóòdù C àti C++ di ètò Windows, kéré sí i púpọ̀, ó sì ń ṣe ti Win32 dáadáa. Ohun tí màá pàdánù lọ́dọ̀ tirẹ̀ ni Spy++, tó máa ń bá Visual Studio wá, tó ń fi gbogbo mẹ́sééjì tó ń wọlé sí wíńdò hàn bí wọ́n ṣe ń dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí Windows ṣe ń ṣe, kó ṣí Spy++, kó tọ́ka rẹ̀ sí Notepad, kó wá fa etí Notepad. WM_SIZING á máa wá kí ìwọ̀n tó yí, WM_WINDOWPOSCHANGED á tẹ̀lé e, WM_SIZE á jáde láti inú ìyẹn. Ẹni tó bá gba WM_WINDOWPOSCHANGED fúnra rẹ̀ tí kò gbé e fún DefWindowProc, kò ní rí WM_SIZE mọ́, inú Spy++ yìí lẹ ti máa fojú ara yín rí i.

Ilé ìtajà kan ní Abẹ́òkúta ti ní kí n kọ irú ètò kan náà fún àwọn, Ubuntu ni wọ́n ń lò, kì í ṣe Windows. Qt ni mo fi ń kọ tiwọn.